Ẹ Bi Wá: Ọjọ́ Ìfẹ̀yìntì Olùkọ́ àti Owó Tó Tẹ̀lé E

Ìbéèrè àwọn olùkọ́ ilé ìwé ìjọba la kó jọ sójú ewé yìí lóṣù yìí. Ohun kan ló so gbogbo wọn pọ̀: ọjọ́ tí olùkọ́ máa lọ àti iye tó máa gbà ti wà nínú fáìlì rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kó tó kọ lẹ́tà ìfẹ̀yìntì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sún yíyẹ fáìlì yín wò di ọdún tó kẹ́yìn.

Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n bí mi ní 14 oṣù Kẹta ọdún 1969, mo sì wọṣẹ́ ní 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1991. Mo gbọ́ lórí rédíò pé olùkọ́ ò ní fẹ̀yìn tì mọ́ títí yóò fi pé ọmọ ọdún 65, síbẹ̀ orúkọ mi wà lára àwọn tó ń lọ lọ́dún 2026. Èwo ni kí n tẹ̀lé?

Òótọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́, ṣùgbọ́n kò tíì pé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó sọ ọjọ́ ìfẹ̀yìntì olùkọ́ di ọmọ ọdún 65 tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, dípò 60 tàbí 35 tó wà nínú ìlànà iṣẹ́ ọba. Ìlérí rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti Ọjọ́ Àwọn Olùkọ́ Lágbàáyé, oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Àwọn olùkọ́ ìjọba àpapọ̀, bí irú àwọn tó wà ní Unity School, kò ní ìṣòro púpọ̀ lórí èyí. Ní tiyín, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ló gbà yín síṣẹ́, àwọn ló sì ń sanwó yín. Kí 65 àti 40 tó lè dé ọ̀dọ̀ yín, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ di tirẹ̀, kí sọ́kúlà, ìyẹn ìwé àṣẹ ìjọba, sì ti jáde lórí rẹ̀.

Nítorí náà, rédíò kọ́ lẹ máa bi. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ ní kí wọ́n fi sọ́kúlà náà hàn yín. Nǹkan mẹ́ta lẹ máa wò lára rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, nítorí ẹni tí ọjọ́ tirẹ̀ ti kọjá kí sọ́kúlà tó dé kì í sábà pa dà wọlé. Ìkejì ni irú olùkọ́ tó kàn: ṣé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti gírámà ni, ṣé ẹni tó ń kọ́ni ní kíláàsì nìkan ni, àbí ó kan ẹni tó ti wọ ọ́fíìsì lọ? Ìkẹta ni bóyá ó di dandan, tàbí kí olùkọ́ kọ̀wé béèrè fún un. Bí kò bá sí sọ́kúlà, orúkọ yín tó jáde ni kí ẹ tẹ̀lé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti yín. Gbólóhùn tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà ni "èyí tó bá kọ́kọ́ dé". Lábẹ́ 60 àti 35, ẹ máa pé 60 lọ́dún 2029, ṣùgbọ́n 35 ọdún iṣẹ́ yín pé ní 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2026. Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ dé, ẹ máa lọ ní 57. Lábẹ́ 65 àti 40, ogójì ọdún iṣẹ́ yín pé ní 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2031, ẹ máa jẹ́ ọmọ ọdún 62. Ẹ rí i pé ẹ ò ní dé 65 níbi kankan. Ẹni tó tètè wọṣẹ́, iye ọdún iṣẹ́ ló máa mú un lọ. Ẹni tó pẹ́ kó tó wọṣẹ́, ọjọ́ orí ni.

Ohun tí à ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe ni pé kí ẹ dúró sẹ́nu iṣẹ́ láìsí ìwé lọ́wọ́, pé òfin tuntun máa tó dé. Owó oṣù tí ẹ bá gbà lẹ́yìn ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, gbèsè ni ìjọba ń kà á sí. Wọ́n máa yọ ọ́ lára gìrátúítì yín, ìyẹn owó ọwọ́ kan tí wọ́n ń san fún ẹni tó fẹ̀yìn tì, nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò rẹ̀, ọdún tí ẹ fi kún un kò sì ní wọ inú ìṣirò.

Bí 2026 bá dúró, ìlànà iṣẹ́ ọba béèrè kí ẹ kọ lẹ́tà ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ti yín á jẹ́ 1 oṣù Kẹfà. Oṣù àkọ́kọ́ wà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìgbáradì, oṣù méjì tó kù sì wà fún títún ìwé ṣe. Oṣù méjì kéré gan-an fún ẹni tí lẹ́tà ìgbéga rẹ̀ kan ti sọnù. Ọdún méjì ṣáájú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó àwọn wọ̀nyí jọ: lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ àkọ́kọ́, ìwé tó fi ọjọ́ tí ẹ dé ẹnu iṣẹ́ hàn, lẹ́tà ìfìdímúlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo lẹ́tà ìgbéga, lẹ́tà gbogbo ibi tí wọ́n gbé yín lọ, ìwé ọjọ́ orí, àti ìwé owó oṣù tí ẹ gbà kẹ́yìn. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí ojúlówó má sì kúrò lọ́wọ́ yín fún ẹnikẹ́ni.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ̀wé. Mo ti lo 25 ọdún, ọmọ ọdún 55 ni mí, owó oṣù mi jẹ́ ₦180,000. Mo fẹ́ tètè lọ kí n fi gìrátúítì dá iṣẹ́ adìyẹ sílẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Ètò àtijọ́ lẹ wà, níbi tí ìjọba ti ń fi iye ọdún iṣẹ́ àti owó tí òṣìṣẹ́ gbà kẹ́yìn ṣírò. Ẹtọ́ yín ni láti lọ: ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún ní gìrátúítì, ẹni tó bá ti lo ọdún mẹ́wàá ní pẹ́ńṣọ̀n pẹ̀lú, bí ó bá ti pé ọmọ ọdún 45.

Báyìí ni ìṣirò náà ṣe lọ. Ọdún mẹ́wàá ń mú pẹ́ńṣọ̀n ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún kan wá, gìrátúítì rẹ̀ sì jẹ́ owó ọdún kan gbáko, ìyẹn ìdá 100. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún kọ̀ọ̀kan ń fi 2 kún pẹ́ńṣọ̀n, ó sì ń fi 8 kún gìrátúítì, títí dé 35 ọdún tí wọ́n á fi jẹ́ 80 àti 300. Ibẹ̀ ni tábìlì náà parí sí. Fún olùkọ́ tí òfin 65 àti 40 kàn, tó sì lo ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́, èyí túmọ̀ sí pé ọdún márùn-ún tó kẹ́yìn kì í gbé ìdá náà sókè. Owó oṣù tó kẹ́yìn nìkan ló ń gbé e sókè.

Fún yín, 25 ọdún jẹ́ 60 àti 220. Owó ọdún kan yín jẹ́ ₦2,160,000. Bí ẹ bá lọ lónìí, pẹ́ńṣọ̀n yín á jẹ́ ₦108,000 lóṣù, gìrátúítì á jẹ́ ₦4,752,000. Bí ẹ bá dúró di 60, ọdún iṣẹ́ yín á di 30, ìdá rẹ̀ á di 70 àti 260. Kódà bí owó oṣù yín kò bá fi kọ́bọ̀ kan lé sí i, ìyẹn jẹ́ ₦126,000 lóṣù àti ₦5,616,000. Ẹgbẹ̀rún 18 náírà lóṣooṣù títí ọjọ́ ayé ni ìyàtọ̀ náà, yàtọ̀ sí owó oṣù ọdún márùn-ún tí ẹ fi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù ni iṣẹ́ adìyẹ tí ẹ gbé lé gìrátúítì. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, pẹ́ńṣọ̀n ló máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, gìrátúítì sì wà lórí ìlà. Àwọn tó ti lọ ṣáájú yín ló máa kọ́kọ́ gbà, ìlà náà sì lè gba ọdún púpọ̀. Ẹni tó yá owó ra adìyẹ pẹ̀lú ìrètí gìrátúítì ti kó ara rẹ̀ sínú ìjàngbọ̀n. Èrò tiwa ni pé kí ẹ dúró. Ẹ fi owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ bẹ̀rẹ̀ adìyẹ díẹ̀ nígbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé, kí ẹ lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà gbà yín.

Bí ẹ bá sì pinnu láti lọ, nǹkan méjì péré la fẹ́ kí ẹ rántí. Bí ìgbéga kan bá wà lọ́nà, ẹ jẹ́ kó jáde, kí owó tuntun sì hàn nínú ìwé owó oṣù yín kó tó di pé ẹ kọ̀wé, nítorí iye tó kẹ́yìn ni wọ́n máa fi ṣírò ohun gbogbo. Ìkejì, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín gbangba pé ìfẹ̀yìntì lẹ̀ ń béèrè. Ẹ má ṣe kọ ọ́ pé ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má sì ṣe dáwọ́ iṣẹ́ dúró láìtíì rí èsì gbà. Ẹni tí wọ́n kà sí ẹni tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lè rí ìdádúró tí kò nílò rárá.

Olùkọ́ gírámà l'Ékòó ni mí, mo wọṣẹ́ lọ́dún 1996, mo ń lọ ní 2027. Ọ̀rẹ́ mi ní ìpínlẹ̀ mìíràn ní ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan ni gìrátúítì òun. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni tèmi ṣe máa rí?

Rárá, ètò yín yàtọ̀ sí ti ọ̀rẹ́ yín. Láti 1 oṣù Kẹrin ọdún 2007 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń lo ètò tí òṣìṣẹ́ àti ìjọba jọ ń dá owó sí, tí gbogbo èèyàn ń pè ní contributory. Ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2004. Iṣẹ́ yín wá pín sí ọ̀nà méjì.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ọdún 1996 sí 2007. Wọ́n ń fi tábìlì àtijọ́ ṣírò rẹ̀, ṣùgbọ́n owó oṣù ìgbà náà ni wọ́n ń lò, kì í ṣe ti ìsinsìnyí. Ìdí nìyẹn tí iye rẹ̀ fi ń ya àwọn olùkọ́ lẹ́nu. LASPEC, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó ìfẹ̀yìntì ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ló ń fún yín ní ìwé ẹ̀rí bọ́ǹdì lórí rẹ̀, ìjọba á sì san owó náà sínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín, ìyẹn RSA.

Ọ̀nà kejì ni owó tí wọ́n ti ń yọ lóṣooṣù láti 2007, pẹ̀lú ti ìjọba àti èrè tó ti mú wá. Òfin ìfẹ̀yìntì ti ìjọba àpapọ̀ tọdún 2014 sọ pé ó kéré tán, kí òṣìṣẹ́ dá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, kí agbanisíṣẹ́ dá 10. Owó oṣù gangan, owó ilé àti owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń wò. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ₦150,000, ti òṣìṣẹ́ jẹ́ ₦12,000, ti agbanisíṣẹ́ jẹ́ ₦15,000, tó já sí ₦27,000 lóṣù. Ẹ wo iye tó wà nínú ìwé owó oṣù tiyín, kí ẹ fi wé èyí tó wọ àkáǹtì.

Ibi tí à ń tẹnu mọ́ jù nìyí. Ẹ gba ìwé ìṣirò àkáǹtì RSA yín lọ́dọ̀ PFA yín, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bá yín tọ́jú owó náà, kí ẹ ka oṣù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún kan gbọ́dọ̀ ní owó oṣù méjìlá nínú. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí oṣù tó bá sófo. Òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé kí owó náà dé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n sanwó oṣù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtanràn tí kò dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún wà lórí gbèsè náà fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Oṣù tó sófo sábà máa ń wá láti inú nǹkan mẹ́ta: wọ́n gbé olùkọ́ láti ẹ̀ka kan sí òmíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ kò sì tẹ̀ lé e, nọ́ńbà PIN rẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN tí nọ́ńbà 12 sì tẹ̀ lé e, ni wọ́n tẹ̀ ní àṣìtẹ̀, tàbí ó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí owó wá pín sínú àkáǹtì méjì. Ẹ mú ìwé owó oṣù àwọn oṣù tó sófo náà lọ sí ẹ̀ka owó ní agbègbè ẹ̀kọ́ yín àti sí TEPO, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìgbanisíṣẹ́ àti ìfẹ̀yìntì olùkọ́ l'Ékòó, kí ẹ sì gba èsì lórí ìwé. Nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ni ó rọrùn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ, akọ̀wé tó mọ fáìlì yín lè ti fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí owó bá pé, ẹ ò lè kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa mú apá kan, ṣùgbọ́n ìlànà PenCom, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìfẹ̀yìntì, ni pé kí èyí tó kù lè san pẹ́ńṣọ̀n tó tó ìdajì owó oṣù tí ẹ gbà kẹ́yìn. Nítorí náà, bí owó inú àkáǹtì bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni owó ọwọ́ kan náà ṣe ń kéré. Ẹni tó bá fẹ́ kó pọ̀ sí i lè máa dá owó àtinúwá kún un láti ìsinsìnyí.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á bi yín pé ọ̀nà wo lẹ fẹ́ gbà máa gba owó oṣooṣù. Bí ẹ bá mú programmed withdrawal, PFA yín ló máa san án. Owó tó kù ṣì ń mú èrè wá, bí ẹ bá sì kú, ìyókù jẹ́ ti ajogún yín. Bí ẹ bá mú annuity, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò lẹ fi owó náà rà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sì máa san án títí ọjọ́ ayé yín. Ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ dájú fún àwọn ajogún yín. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹ bá kú, ó parí. Ẹni tí ìlera rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dára, tó sì ní ọmọ kékeré, a rò pé ti àkọ́kọ́ ló yẹ ẹ́. Ẹni tí ẹ̀mí àwọn ará ilé rẹ̀ máa ń gùn, tí kò sì fẹ́ kí owó máa lọ sókè sódò, kó wo ìkejì. Ẹ má fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí ẹni tó wà lórí ti àkọ́kọ́ lè bọ́ sí ìkejì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ra annuity kò lè pa dà.

Ẹ fi owó oúnjẹ oṣù mélòó kan pamọ́ sílé. Owó oṣù máa dúró lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ, owó ìfẹ̀yìntì kì í sì í dé lọ́jọ́ kejì.

Orúkọ bàbá mi ló wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ mi, ti ọkọ mi ló wà ní báńkì. Ọdún ìbí mi nínú NIN sì fi ọdún méjì yàtọ̀ sí ti inú fáìlì. Kí ni kí n ṣe?

Ti orúkọ rọrùn. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ìbúra láti kóòtù àti ojú ewé ìwé ìròyìn tí ẹ ti kéde ìyípadà orúkọ, ẹ fi lẹ́tà bò wọ́n lọ sí ibi iṣẹ́ yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ̀wé sí yín pé àwọn ti gbà á. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á yẹn ni PFA máa béèrè.

Ọjọ́ ìbí ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Èyí tí ẹ kọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń wọṣẹ́ ni ìjọba mọ̀. Ẹ má ṣe lọ búra ní kóòtù láti dín ọjọ́ orí kù, nítorí ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ ló lè dà. NIN àti BVN ni kí ẹ tún ṣe kí wọ́n lè bá fáìlì mu. Ti NIN ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ tó lọ sí báńkì, kí PFA sì kẹ́yìn.

Ọkọ mi kú lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Èmi ni next of kin rẹ̀ nínú RSA, síbẹ̀ PFA ní àfi kí n mú ìwé láti kóòtù wá. Ṣé wọn ò fẹ́ sanwó ni?

Ẹ kú ìnira, ìyá wa. Kì í ṣe pé wọ́n ń fawọ́ sẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n máa kàn sí ni next of kin, kò sọ onítọ̀hún di ẹni tó ni owó. Bí ọkọ yín bá kọ ìwé ìhágún, ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Bí kò bá kọ ọ́, letter of administration lẹ nílò, ìyẹn ìwé tí ilé ẹjọ́ fi ń fún ẹbí láṣẹ lórí ohun ìní olóògbé.

Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí ikú. Ẹ wá ní kí PFA kọ lẹ́tà sí Probate Registry, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ogún ní ilé ẹjọ́ gíga, kí wọ́n fi iye tó wà nínú àkáǹtì hàn, torí òun ni wọ́n máa fi ṣírò owó tí ẹ máa san. Ẹ̀yin àti ẹnì kan nínú ẹbí tàbí ọmọ tó ti dàgbà ni kẹ́ ẹ jọ béèrè. Ẹ máa nílò àwọn onídùúró, wọ́n á sì kéde rẹ̀ bóyá ẹnì kan máa takò ó. Ibi tó ti máa ń pẹ́ jù ni ìjà ẹbí. Bí ọkọ yín bá ní ọmọ níbòmíràn, ẹ má ṣe fi orúkọ wọn pamọ́, torí àtakò kan ṣoṣo lè dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Yàtọ̀ sí RSA, ẹ bi ibi iṣẹ́ rẹ̀ léèrè owó ìbánigbófò ẹ̀mí. Òfin 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ ra èyí tí kò dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan fún òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ opó kò mọ̀ pé ó wà, wọn kì í sì béèrè. Níbi tí ètò àtijọ́ bá ṣì wà, gìrátúítì ikú àti pẹ́ńṣọ̀n ọdún márùn-ún ló máa ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fáìlì.

Mo kọ́ni ní ilé ìwé aládàáni fún ọdún mẹ́fà kí n tó wọṣẹ́ ìjọba. Lẹ́yìn náà, mo gba àyè ọdún méjì láìgba owó oṣù, mo lọ sí Ìlú Ọba. Ṣé wọ́n máa ka gbogbo rẹ̀?

Ọdún ilé ìwé aládàáni kò wọ inú iṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n bí ilé ìwé náà bá ti ń dá owó sí RSA fún yín, owó yẹn ṣì jẹ́ tiyín, PIN kan náà ló sì yẹ kí ẹ máa lò. Ọdún méjì tí ẹ kò gba owó oṣù, wọn kì í kà á mọ́ iye ọdún tí wọ́n fi ń ṣírò pẹ́ńṣọ̀n, owó kankan kò sì wọ RSA lákòókò náà. Ẹni tó lọ kàwé pẹ̀lú owó oṣù yàtọ̀ sí yín, tirẹ̀ wà nínú ìṣirò. Ẹ rí i dájú pé lẹ́tà tí wọ́n fi fún yín láyè àti èyí tí ẹ fi pa dà wọlé wà nínú fáìlì, kí àlàfo ọdún méjì yẹn má baà dà bíi pé ẹ kọṣẹ́ sílẹ̀.

Ṣé mo lè mú lára RSA mi fi ra ilé?

Ó ṣeé ṣe láti ọdún 2022, títí dé ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, fún owó àkọ́san ilé tí ẹ fẹ́ fi ìlànà mortgage rà. Owó tiyín àti ti agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti ń wọlé fún oṣù 60 ó kéré tán, ìfẹ̀yìntì yín kò sì gbọdọ̀ ku ọdún tó dín ní mẹ́ta. Kò sí fún ríra ilẹ̀ lásán tàbí kíkọ́lé fúnra yín. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kí ó lè bá yín yọ ọ́ kíákíá, ẹ má fún un ní PIN yín tàbí nọ́ńbà tó wọ fóònù yín. Ọ́fíìsì PFA gan-an ni kí ẹ lọ.